Iná tó ń jó lókè àjà: Ibi tí ojú kò tó ni ewu máa ń sá pamọ́ sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn yóò ṣe bí iná bá wà lókè orí rẹ̀, tí òun tó jókòó nísàlẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí èèyàn 165 fi bá a lọ.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1977 ni. Ibi ìgbafẹ́ ńlá kan wà ní ìlú Southgate, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beverly Hills Supper Club. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń lọ jẹun, tí wọ́n sì máa ń wo eré. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé náà kún fọ́fọ́. Nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Zebra Room, àwọn kan ń ṣe ìnáwó ìgbéyàwó. Bí ìnáwó ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ooru yàrá náà ti pọ̀ jù. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, ìnáwó parí, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Wọn kò mọ̀ pé iná ni ó ń mú wọn láàgùn.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé iná náà ti ń jó fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Inú kọ̀rọ̀ tó fara sin nínú ara ilé náà ni ó wà, ó sì jọ pé wáyà iná mànàmáná ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n sì bá èéfín níbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti pa á, kò gbọ́. Iná tó ti ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá bú jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọrí sí gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti ń wo eré.

Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Walter Bailey, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkó àwo kúrò lórí tábìlì lọ, ló gun orí ìtàgé, tó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ àwọn aláwàdà, tó sì ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì yè. Àwọn kan rò pé ara eré ni. Kò pẹ́ rárá tí èéfín fi dé, tí iná mànàmáná kú, tí òkùnkùn sì bo gbogbo ibẹ̀. Inú gbọ̀ngàn yìí àti àyíká rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn 165 kú sí.

Ilé náà kò ní aago ìdágìrì tó ń dá dún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ awọ́nmi tí òyìnbó ń pè ní sprinkler.

Kí ni à ń pè ní kọ̀rọ̀ ilé?

Ẹni tó bá ti gbé ilé àtijọ́ kò níí ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí àjà jẹ́. Òkè àjà ni ìyá àgbà ń kó àgbàdo, ẹ̀gúsí àti agbọ̀n sí. Nínú ilé alámọ̀ míràn, igi ni wọ́n fi ń tẹ́ àjà náà, wọ́n á wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Bí iná bá mú koríko òrùlé, amọ̀ yìí kì í jẹ́ kí ó tètè já sí yàrá, onílé á sì ráyè gbé ọmọ àti ẹrù jáde. Amọ̀ kì í jó.

Àjà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, páálí tàbí rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń kàn mọ́ òkè yàrá, tí wọ́n ń pè é ní sílíìnì. Láàárín sílíìnì yìí àti páànù òrùlé, tàbí láàárín rẹ̀ àti àgbékà tó wà lókè, àlàfo ńlá wà níbẹ̀. Inú àlàfo yìí ni wáyà iná mànàmáná ń gbà kọjá. Nínú ilé ńláńlá, ibẹ̀ náà ni páìpù omi àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tútù ń gbà. Àlàfo bẹ́ẹ̀ tún wà lẹ́yìn ògiri onípákó, lábẹ́ àtẹ̀gùn, àti nínú ihò tí páìpù ń gbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ohun mẹ́ta ló mú kí ibi wọ̀nyí léwu. Èkíní, kò sí ojú tó ń wò wọ́n. Èkejì, igi tó gbẹ dáadáa, eruku àti rọ́bà wáyà wà níbẹ̀ tí iná lè jẹ. Ẹ̀kẹta, wọ́n já síra wọn; iná tó bẹ̀rẹ̀ lókè yàrá kan lè rìn lọ sókè yàrá kẹwàá kí ẹni tó wà ní yàrá kejì tó gbóòórùn rẹ̀.

Bí awọ́nmi ṣe ń ṣiṣẹ́

Awọ́nmi kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1874 ni Henry Parmelee, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe dùrù, gba ìwé àṣẹ lórí èyí tó ṣe láti dáàbò bo ilé iṣẹ́ rẹ̀. Páìpù omi ni wọ́n máa ń tẹ́ sókè yàrá, wọ́n á sì fi ẹnu irin kéékèèké sí i níbì kan sí ìkejì. Ní ọ̀pọ̀ èyí tó wà lóde òní, ìgò kékeré kan tí oje wà nínú rẹ̀ ló dí ẹnu irin náà. Bí ooru bá dé ìwọ̀n kan, tó sábà máa ń jẹ́ 68 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìgò yẹn á fọ́, omi á sì tú jáde sórí iná. Kì í ṣe gbogbo ẹnu irin ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Èyí tí ooru bá kàn nìkan ló ń ṣí.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òkè ni ooru ń lọ. Bí awọ́nmi bá wà lábẹ́ sílíìnì, tí iná sì bẹ̀rẹ̀ lókè sílíìnì, ooru kò níí kan ìgò náà títí sílíìnì yóò fi jó já lulẹ̀. Nígbà yẹn, iná ti gba gbogbo òrùlé. Omi wà nínú ilé o, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni omi wà, òkè ni iná wà.

Ẹ̀kọ́ tí Las Vegas kọ́ ayé

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Kentucky, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 1980, iná sọ ní ilé ìtura MGM Grand ní ìlú Las Vegas, ilé alágbèékà 26 tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn wà nínú rẹ̀. Wáyà kan tó wà nínú ògiri ilé oúnjẹ ni àwọn olùwádìí sọ pé iná náà ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù tí wọ́n ń pàtẹ kéèkì sí.

Awọ́nmi wà ní apá kan ilé ìtura náà, ṣùgbọ́n kò sí nínú ilé oúnjẹ yìí. Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ sílẹ̀ ni pé wákàtí 24 ló yẹ kó máa ṣí. Wọ́n gbà pé bí iná bá sọ, ojú èèyàn á tètè rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kì í fi ilé oúnjẹ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí lóru mọ́. Ká tilẹ̀ ní wọ́n ṣí i, ojú wo ló lè rí ohun tó wà nínú ògiri?

Bí iná náà ṣe jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi gba gbogbo ilé tẹ́tẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí awọ́nmi wà, ó dúró. Ṣùgbọ́n èéfín kò dúró. Ó gba ọ̀nà ẹ̀rọ agbéni-ròkè, ó gba àtẹ̀gùn, ó gba àwọn àlàfo tó wà láàárín ògiri, ó sì gòkè lọ bá àwọn tó ń sùn. Èèyàn 85 ló kú. Nínú wọn, 61 ló jẹ́ pé àwọn àgbékà òkè ni wọ́n ti rí wọn, níbi tí iná fúnra rẹ̀ kò dé. Ní ọdún 1981, ìpínlẹ̀ Nevada ṣòfin pé kí àwọn ilé ìtura gíga, títí kan àwọn tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́, fi awọ́nmi sí ilé wọn.

Ohun tí ìlànà sọ

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896, tí àpèkúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NFPA. Òun ló ń kọ ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ń sọ di òfin. Ìwé ìlànà rẹ̀ lórí awọ́nmi ni wọ́n ń pè ní NFPA 13. Lórí kọ̀rọ̀ ilé, ohun tí ìwé náà sọ kò lọ́jú pọ̀: bí àlàfo kan bá wà tí ó fara sin, tí igi tàbí ohun mìíràn tó lè jó sì wà níta gbangba nínú rẹ̀, awọ́nmi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àmọ́ ìlànà náà yọ̀ǹda àwọn ibì kan. Bí ohun tí wọ́n fi kọ́ àlàfo náà kò bá lè jó, bíi kọnkéré tàbí irin, tí kò sì sí ẹrù tí wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀, wọn lè fi sílẹ̀ láìfi awọ́nmi sí i. Bí wọ́n bá fi òwú tí kì í jó, irú èyí tí wọ́n fi gíláàsì tàbí òkúta ṣe, kún àlàfo náà dẹ́múdẹ́mú, wọn lè fi í sílẹ̀. Bákan náà ni bí wọ́n bá kan sílíìnì mọ́ igi àjà tààrà, tàbí tí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò ju íǹṣì 6 lọ.

Ẹni tó bá wo ìlànà yìí dáadáa á rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè lọ́wọ́ onílé: kí ni iná máa rí jẹ níbẹ̀? Bí kò bá rí nǹkan jẹ, kò sí wàhálà. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ àti àyè tó lè gbà rìn, wàhálà náà dín kù. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá wà fún un, tí àyè sì wà, ẹ jẹ́ kí omi wà níbẹ̀ dè é.

Ọ̀nà àbùjá àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Owó ni awọ́nmi ń jẹ. Fífi páìpù sókè àjà tún ń fi kún owó náà, pàápàá ní ìlú olótùútù tí omi ti lè dì nínú páìpù. Nítorí èyí, ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ NFPA gbé ìlànà mìíràn jáde fún ilé gbígbé tí kò ju àgbékà mẹ́rin lọ. Wọ́n pè é ní NFPA 13R. Ìlànà yìí kò fi dandan lé e pé kí awọ́nmi wà lókè àjà tàbí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀rọ̀. Èrò wọn ni pé iyàrá tí èèyàn ń gbé ni ọ̀pọ̀ iná tó ń pànìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, àwọn olùgbé á ráyè sá jáde. Ẹ̀mí ni ìlànà náà wà fún, kì í ṣe ilé.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2015, aráyé rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ìlú Edgewater, ìpínlẹ̀ New Jersey, létí odò tó kọjú sí New York, ilé ńlá onípákó kan wà tí wọ́n ń pè ní Avalon, tó ní ibùgbé 408. Awọ́nmi wà nínú yàrá gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún páìpù tó ń jò ṣe, wọ́n sì ń fi iná jó o. Iná ọwọ́ wọn ran igi tó wà nínú ògiri. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fúnra wọn pa á, èyí sì fa ìdádúró kí wọ́n tó pe àwọn panápaná.

Iná náà kò bá awọ́nmi pàdé. Inú ògiri ló gbà, ó gòkè, ó bọ́ sí àlàfo abẹ́ òrùlé, ó sì ń rìn lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ibùgbé 240 ló bá a lọ. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí èèyàn kankan kò lọ sí i, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé jáde pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan nínú òtútù. Ọ̀gá panápaná ìlú náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ká ní kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, ọ̀ràn náà kò níí rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ilé náà sì kéde lẹ́yìn náà pé nínú àwọn ilé mìíràn tí àwọn ń kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn yóò fi awọ́nmi sí òkè àjà, bí òfin kò tilẹ̀ sọ pé dandan ni.

Ká má sì gbàgbé pé omi nìkan kọ́ ni àbò. Nígbà tí iná jó ilé Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ara ògiri ìta ni ó gbà gòkè. Wọ́n ti fi pátákó tí rọ́bà wà nínú rẹ̀ bo ara ilé alágbèékà 24 náà, àlàfo sì wà lẹ́yìn pátákó yẹn. Ilé náà kò ní awọ́nmi. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ ní in nínú yàrá, omi inú yàrá kò lè dé ẹ̀yìn ògiri ìta. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pátákó tí kì í jó, àti ìdènà tó dáa tí yóò dí àlàfo náà níbì kan sí ìkejì. Èèyàn 72 ló kú.

Kí ló kàn wá níbí?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé ta ló fẹ́ fi páìpù awọ́nmi sí ilé ní abúlé tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé? Ṣùgbọ́n iná kò mọ òyìnbó yàtọ̀. Àwọn àgbà tó ta kòkò nígbà ayé Awólọ́wọ̀ kò gbàgbé pé Cocoa House, ilé alágbèékà 26 ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, jóná ní ọdún 1985, tó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Fún ilé tiwa, ẹ jẹ́ ká gbé ojú sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ògiri tó ya àwọn yàrá náà kì í ga kọjá sílíìnì. Bí ẹnì kan bá gun òkè àjà, yóò rí i pé gbangba kan ṣoṣo ni láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn. Èyí ló fà á tí iná tó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kan fi ń jó gbogbo yàrá mẹ́wàá. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ lè sọ fún bíríkìlà pé kí ó mọ ògiri díẹ̀ lára àwọn yàrá náà kan páànù, kí ó má fi ihò sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mélòó kan ni yóò ná an. Ohun tí òyìnbó ń fi òwú àti ìdènà ṣe náà nìyẹn.

Ẹni tó ti kọ́lé tirẹ̀ tán náà ní ohun tó lè ṣe. Kí ó pe oníṣẹ́ iná mànàmáná tó mọṣẹ́ láti gun òkè àjà, kí ó wo wáyà. Eku máa ń gé ara wáyà jẹ, ìsopọ̀ tí wọ́n kàn fi ọ̀rá wé sì máa ń gbóná. Kí wọ́n kó páálí, aṣọ àkísà àti igi tó ṣẹ́ kù kúrò níbẹ̀. Kẹrosíìnì àti epo bẹtiróòlù kò gbọdọ̀ dé òkè àjà rárá. Bí wẹ́dà tàbí oníṣẹ́ páìpù bá fẹ́ fi iná jó irin nítòsí igi àjà, kí omi wà nítòsí, kí ẹnì kan sì dúró wo ibẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, nítorí iná inú igi máa ń lúgọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má fojú di àmì. Bí sílíìnì bá ń gbóná, tí ó ń yí àwọ̀ padà, tí òórùn rọ́bà tó ń jó ń jáde tí a kò mọ ibi tó ti ń wá, tàbí tí gílóòbù ń ṣẹ́jú láìnídìí, kí wọ́n pa iná mànàmáná láti ojú mítà. Kí ẹnikẹ́ni má fi igi tú sílíìnì náà láti yẹ inú rẹ̀ wò, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lè mú kí iná bú jáde sí i lójú. Kí wọ́n kó ọmọdé àti arúgbó jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n ké sí aládùúgbò, kí wọ́n sì pe 112. Kí wọ́n má ṣe dúró títí ọwọ́ iná yóò fi yọ.

Àwọn àlejò ìgbéyàwó ní Kentucky gba àmì tiwọn. Ara wọn sọ fún wọn pé ooru yàrá náà kò dáa, ẹnu wọn sì sọ ọ́. Ohun tó kù ni pé kí ẹnì kan béèrè pé níbo ni ooru yìí ti ń wá. Bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè yẹn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn 165 náà délé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.